Mo Kí Kọ̀ǹpútà, Kò Dáhùn

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, Ògìdì ti sùn,
àpáta tó yí wa ká ṣì ń mí ooru ọ̀sán jáde.
Mo ki orí okùn kan bọ kámẹ́rà nídìí,
mo ki orí kejì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo ní, "Òkun o."
Bí a ṣe ń kí ara wa níbí nìyẹn,
àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe é.
Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo tún ki í bọ̀ ọ́.
Mo gbé e lọ sí ojúhò kejì, àti ìkẹta
tí eruku ọyẹ́ ti dí láti oṣù Ṣẹrẹ.
Mo pa kámẹ́rà, mo tan án.
Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án,
ó jí bí ọba tí wọ́n dá lóorun,
ó kọ ọ́ sójú pé òun ò mọ ohun tí mo so mọ́ òun.
O ò mọ̀ ọ́n?
Ìwọ tí o gba àwòrán ìgbéyàwó Ìyàrá lọ́wọ́ rẹ̀ níjẹta?
Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń sùn nínú báàgì kan náà!

"Ṣé bátìrì rẹ̀ kún?"
Ṣèyífúnmi, àbúrò mi, ló ń béèrè lórí ẹní, kò lajú.
Ó kún.
"Ṣé kì í ṣe okùn yẹn ni? Ti fóònù mi lo mú un nnì.
Okùn mìíràn wà, iná nìkan ló lè gbé,
kò lè gbé ọ̀rọ̀."

Mo dákẹ́.
Okùn tó ń gbé iná tí kò lè gbé ọ̀rọ̀.
Bàbá wa rèé.
Lóṣooṣù ni owó ilé-ìwé ń dé láti Lọ́kọ́ja,
ó pé, kò yingin,
a ò rí lẹ́tà kan gbà rí.

Àwòrán Màmá Ẹniọlọ́rundá ló wà nínú kámẹ́rà,
mọ́kànlélógójì, mo kà á.
Ọjọ́ Sátidé ni mo yà wọ́n nídìí òfì
kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó tú igi òfì náà palẹ̀.
Ojú ti lọ. Ìka ló fi ń ríran.
Fọ́nrán kan já níbi tí mo ti ń ya àwòrán,
mo fẹ́ bá a fà á, ó gbá mi lọ́wọ́:
"Má fà á! Kọ́kọ́ wá ibi tó ti já."

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kàbà.
Ọmọ tó ń ta nǹkan fóònù wò mí títí.
"Okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n?"
Ó fọwọ́ wọn méjì wò, ó mú èyí tó nípọn.
Ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Mo ná an, ná an, kò gbà.
Mi ò lè dúró dé ilé,
orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo ti so wọ́n.
Kọ̀ǹpútà ké tín.
Ẹnu mi ló yára dáhùn: "Òkun."
Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Igi òfì. Aṣọ pupa, ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ òwú lásán.
Ìkejìdínlógún dúdú. Ìkọkàndínlógún dúdú.
Mo ní káàdì ti bàjẹ́.
"Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un."
Mo fi kún un, àtẹ́lẹwọ́ jáde.
Màmá ni, ó ń fọwọ́ wá ojú tó ń wo òun.
Ìlà ọwọ́ rẹ̀ já, ó so, ó já, ó tún so.

Ṣèyífúnmi ní kí n pa méjèèjì rẹ́, wọn ò ṣeé tà.
Mo yí kámẹ́rà sí oòrùn:
ọ̀rá ìka náà ṣì wà lójú gíláàsì.
Mi ò tíì nù ún.